Nídìí Ìkòkò Aró ní Abẹ́òkúta

 Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ni ó ní àdìrẹ kan nínú àpótí. Bóyá ìyá ọkọ yín ni ó fi ta yín lọ́rẹ. Bóyá ìyá tí ó bí yín lọ́mọ ni ó fi pọ̀n yín kí ó tó fà á lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti dúró nídìí ìkòkò aró rí, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí aṣọ funfun ti ń di dúdú? Èmi náà kò rí i rí títí di ọjọ́ tí mo mú ọ̀nà Abẹ́òkúta pọ̀n.

Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ìgbafẹ́ ni ó gbé mi débẹ̀. Ẹ̀rù ni. Mo ti ń rẹ aṣọ nílé fún oṣù díẹ̀ kí n lè máa fi gbọ́ bùkátà kéékèèké. Mo ń ra àwọ̀ oníyẹ̀fun lọ́jà, mo ń ra kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tí ń se ọṣẹ ń lò, mo sì ń pò wọ́n pọ̀ nínú bàsíà lẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kan, omi sódà ṣẹ́kù. Mo dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó ti ṣófo, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì lọ sá aṣọ. Nígbà tí mo padà wọlé, ọmọ mi ọkùnrin, tí kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, jókòó sílẹ̀, ó ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìdérí náà le. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo bi ara mi léèrè pé: àwọn ìyá wa rẹ aṣọ, wọ́n sì tọ́ ọmọ, nínú agbo ilé kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Lójú ọ̀nà

Láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà lọ. Mo wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé. A kọjá Ọmi-Àdìó, a kọjá Bákàtàrí, a dé Ọ̀dẹ́dá. Láti ibẹ̀ ni àwọn òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàrin oko, títí tí a fi wọ ìlú tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àpáta. Ẹ mọ̀ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí wọ́n sì tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1830.

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ojú yín yóò kọ́kọ́ ṣú. Aṣọ wà lókè, aṣọ wà nílẹ̀, aṣọ wà lára ògiri. Kàm̀pálà ni ó pọ̀ jù: ó pupa, ó yẹ́lò, ó ní àwọ̀ ewé, a fi àbẹ́là yíyọ́ ya iṣẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra wò, ẹ óò rí àwọn aláró dúdú náà ní igun ìsọ̀, wọ́n ká wọn jọ jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tí ń wo ijó ọmọdé.

Kí ẹ tó náwó, ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ tí a fi ọwọ́ rẹ mu aró kan ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè sábà máa ń ṣá lẹ́yìn, gbogbo òṣùpá ara rẹ̀ a sì dọ́gba bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn lọ́jọ́ kan náà. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń ra ayédèrú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa tí ń ṣe ojúlówó ni a ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Àrẹ̀dú o!

Ìyá oníṣọ̀ kan ni ó mú mi lọ sí agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà, lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí ọkọ rẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo kí i pé, “Àrẹ̀dú o, ìyá.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni ó kọ́ ọ bí a ti ń kí aláró?” Mo ní, “Ìyá mi àgbà ni, mà.” Ó ní kí n jókòó.

Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìgò náà fún un. Kò bá mi wí. Ó fi ìkòkò méjì hàn mí, ọ̀kan gun ekejì lórí. Ti òkè ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó eérú sí, wọn a bu omi lé e, omi náà a sì máa kán tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú náà ni wọ́n ń dà sórí ẹ̀lú. Ewé ni ẹ̀lú. Wọ́n ń gún un nínú odó, wọ́n ń ṣù ú bí àkàrà, wọ́n sì ń sá a gbẹ. Wọn a dé ìkòkò náà, wọn a fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì máa rò ó títí òórùn rẹ̀ yóò fi yí padà, tí ìfóòfó rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ aró.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti aṣọ kan bọ inú ìkòkò. Nígbà tí ó fà á yọ, ẹnu yà mí: kì í ṣe dúdú ni aṣọ náà, bí ewé tí ń pọ́n ni ó rí. Ó nà án sínú afẹ́fẹ́. Bí a ti ń wò ó, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di aró. Afẹ́fẹ́ ni ó ń parí iṣẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó dúdú dáadáa, a óò tún un bọ̀, a óò tún un nà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi ìyá náà léèrè ìgbà tí sódà dé. Ó ní nígbà tí a bí òun, ó ti wà nílé. Òótọ́ ni. Láyé Aláké Adémọ́lá Kejì, nígbà tí ọjà àdìrẹ ti gbòòrò, sódà àti aró ilé iṣẹ́ ti dé láti òkè òkun. Ní ọdún 1936, ó di àríyànjiyàn ńlá ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní ó ń ba aṣọ jẹ́, kí a fòfin dè é. Àwọn aláró kan ní bí àwọn bá padà sí eérú nìkan, iṣẹ́ kò ní yá, èrè kò sì ní tó jẹun. Ẹ rí i pé wàhálà tiwa yìí kì í ṣe ti òní.

Mo rò pé ìyá náà yóò sọ pé kí n ju sódà nù. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ alára ń lò ó, ṣùgbọ́n nínú yàrá kan tí wọ́n ń tì pa, tí ọmọdé kì í dé. Ó wá bi mí léèrè pé, “Kí ni orúkọ aṣọ náà?” Mo ní, “Àdìrẹ ni, mà.” Ó ní, “A dì, a rẹ. Iṣẹ́ méjì ni. Aládìrẹ wà lọ́tọ̀, aláró wà lọ́tọ̀. Ìyá tí ó ní ọmọ lẹ́yìn, dídì ni kí ó ṣe. Kí ó gbé rírẹ wá fún wa.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbà lọ́wọ́ ìrìn àjò náà. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń pe aṣọ yìí ní àdìrẹ, n kò gbọ́ pé ìdáhùn ìbéèrè mi wà nínú orúkọ náà.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Oríṣi àdìrẹ pọ̀. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára. Àwọn obìnrin ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á, àwọn ọkùnrin sì máa ń gé páànù tí a fi ń tẹ iṣẹ́ sí i. Ara rẹ̀ ni ẹ ti lè rí “Ìbàdàn Dùn”, tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Ṣùgbọ́n oníko ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò béèrè ohun tí kò sí nílé.

Ẹ wá aṣọ funfun olówùú, ọ̀pá méjì. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ohun tí ó mú un le kúrò, nítorí aṣọ tí ó ṣì le kì í mu aró. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kóró àgbàdo. Ẹ fi aṣọ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìko tàbí òwú líle dì í lọ́rùn pinpin. Òkúta ńlá yóò fún yín ní òṣùpá, kóró àgbàdo yóò fún yín ní ìràwọ̀. Bí ìdì bá dẹ̀, aró yóò wọlé, òṣùpá yín yóò sì fọ́. Ẹ lè ṣe èyí lójú ọmọ, ẹ lè ṣe é nígbà tí ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná, ẹ sì lè gbé e sílẹ̀ nígbàkígbà tí ọmọ bá ké. Ẹ ká òkúta àti kóró kúrò nílẹ̀ nìkan, kí ọmọ má bàa gbé e mì.

Nígbà tí ó bá parí, ẹ gbé e tọ aláró lọ. Kí ó rẹ ẹ́ sínú omi lásán kí ó tó bọ̀ ọ́ sínú aró, kí àwọ̀ lè dọ́gba. Tí ẹ bá gbà á padà, ẹ tú ìdì rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀bẹ oníkánjú ti dá ihò sí aṣọ ẹlòmíràn. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòji.

Bí sódà bá wà nílé yín

Ẹni tí kò lè ṣe kí ó má lò ó, kí ó pa àwọn òfin wọ̀nyí mọ́. Ẹ má ṣe da sódà sínú ìgò omi tàbí ti ọtí láéláé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tì í mọ́ ibi gíga. Sódà ni kí ẹ rọra dà sínú omi tútù. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì fi awò bo ojú.

Bí ó bá ta sí ọmọ lára tàbí lójú, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ máa da omi tí ó mọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá gbé e mì, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe fipá mú un bì. Ohun tí ó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún un jó nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni ó kù.

Mo fi aṣọ méjì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Mo dì wọ́n nínú agbo ilé yẹn títí oòrùn fi rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà lọ gbà wọ́n. Mo ta ọ̀kan. Ọ̀kan yòókù ni ọmọ mi ń fi bora. Kí ó tó sùn, a máa ka ìràwọ̀ ara rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, oorun a sì gbé e lọ kí ó tó ka mẹ́wàá. Bàsíà mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé; omi ìfọṣọ ni mo ń pọn sí i báyìí.

Ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Bí ẹ bá sì dé Ìtòkú, ẹ má gbàgbé láti kí wọn pé: Àrẹ̀dú o!