Ọmọ Tó Gbé Ipò Kìíní àti Ọmọ Tí A Bí Òye Mọ́

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Sùúrùlérè, ìbéèrè tí òbí kọ́kọ́ ń bi ọmọ ni pé, “Ipò kelòó lo gbé?” Ẹni tó gbé ipò kìíní ni gbogbo ènìyàn ń pè ní ọlọ́pọlọ pípé. Ọmọ aláápọn tó ní ìwé, tó sì ní olùkọ́ àṣekún nílé, lè gbé ipò náà láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ìyìn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí máàkì rẹ̀ kò tayọ: bí olùkọ́ bá ní a kò lè yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́ta, yóò béèrè pé, ẹni tó ní náírà mẹ́ta, tó sì jẹ gbèsè náírà márùn-ún ńkọ́? Olùkọ́ tó ń kánjú yóò ní kó jókòó. Nígbà tó bá sì yá, iṣẹ́ tó ti yé e yóò sú u, wọn a ní aláìgbọràn ni. (Àwọn kan wà, lóòótọ́, tí wọ́n ní méjèèjì.)

Ìjọba àpapọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, ó dá Federal Government Academy sílẹ̀ ní Suleja fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìdánwò ọ̀tọ̀ sì ni NECO ń ṣe fún wọn. Síbẹ̀, ìdánwò nìkan kò tó. Ní 1921, Lewis Terman bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò ọpọlọ ṣa àwọn ọmọ jọ ní California, ó mú bí 1,500. Wọ́n dán William Shockley àti Luis Alvarez wò, máàkì wọn kò tó. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956, Alvarez gbà á ní 1968. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí Terman mú tó gbà á.

Ní Èkó, èdè tún ń bo òye mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú, tí a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi léèrè, lè dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ tayọ àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Olùkọ́ tó bá pa àlọ́ àpamọ̀, tàbí tó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, yóò rí ohun tí ìwé ìdánwò kò fi hàn án.

Àyè ọ̀rọ̀ olùkọ́ wà nísàlẹ̀ ìwé àbájáde. “Ó gbìyànjú” ni ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀. Àyè náà tó kọ ìbéèrè gbèsè yẹn sí, kí olùkọ́ kíláàsì tó kàn lè rí i kà.