Dörarp: Níbi tí Ọ̀nà ti Gba Owó Ibodè Lọ́wọ́ Àwọn Olórin Irin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò yọ òyìnbó sílẹ̀, kó gba òpópónà E4 tó la orílẹ̀-èdè Sweden já láti àríwá dé gúúsù. Bó bá ti kúrò ní Stockholm, tó ti kọjá Linköping, yóò wọ agbègbè Småland, níbi tí igbó páìnì, òkúta àti adágún omi ti pọ̀ ju ilé ènìyàn lọ. Kó tó dé ìlú Ljungby, yóò bá abúlé kékeré kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Dörarp. Kò sí ààfin níbẹ̀, kò sí ọjà ńlá. Síbẹ̀, àwọn àlejò ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀, kí wọ́n lè dúró díẹ̀ níwájú òkúta ìrántí kan.

Orúkọ Cliff Burton ló wà lára òkúta náà. Ọmọ California ní Amẹ́ríkà ni, òun ló sì ń ta béèsì, jìtá olóhùn ńlá tó máa ń dún wálẹ̀, nínú ẹgbẹ́ Metallica. Irú orin tí wọ́n ń kọ ni òyìnbó ń pè ní heavy metal, èyí tí Yorùbá lè pè ní orin irin. Iná mànàmáná ló máa ń gbé ohùn jìtá wọn ga títí tí yóò fi máa sán bí àrá, tí onílù yóò sì máa lu tirẹ̀ kíkankíkan bí ẹni tí ogun ń lé. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní ariwo lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò kọ̀ láti rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀.

Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà ti ń bá ẹgbẹ́ yìí ṣeré, tó sì tún ń bá wọn jà. Lars Ulrich, onílù tí wọ́n bí ní Denmark, àti James Hetfield, olóhùn orin, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1981. Nígbà tí Burton kọ̀ láti wá bá wọn ní Los Angeles, àwọn ló kó ẹrù wọn lọ bá a lágbègbè San Francisco lọ́dún 1983. Lóṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n háyà ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì fi là Amẹ́ríkà kọjá láti California dé New York, tí àwọn kan ń sùn sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àpótí àti irinṣẹ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n lé Dave Mustaine tó ń ta jìtá, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún un pé kó máa lọ sílé. Ọjọ́ mélòó kan ló fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú ìbínú, kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Megadeth, sílẹ̀. Kirk Hammett ló gba ipò rẹ̀. Lóṣù Kìíní ọdún 1984, olè tún gbé irinṣẹ́ wọn lọ ní Boston, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra lọ sí Yúróòpù.

Ọdún 1986 ló dà bí ẹni pé ojú ti là. Lóṣù Kẹta, àwo orin wọn, Master of Puppets, jáde. Láti oṣù náà títí di oṣù Kẹjọ, wọ́n tẹ̀ lé Ozzy Osbourne káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣeré kí ọ̀gá tó jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wá wo ọ̀gá ló ń gbé orúkọ ọmọ ẹ̀yìn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ní ìlú Evansville, Hetfield ṣubú lórí pátákó ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń yí lójú títì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Eré kò gbọdọ̀ dúró. John Marshall, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú jìtá fún wọn, ló ń bá a ta jìtá, òun sì ń fi ẹnu nìkan kọrin.

Bí ìgbésí ayé olórin ṣe rí nìyẹn. Nǹkan bí wákàtí méjì péré ni èrò fi ń rí i lórí ìtàgé. Wákàtí 22 tó kù, ọ̀nà ló ni ín. Inú bọ́ọ̀sì ló ń sùn sí, lórí ibùsùn tóóró tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìlú mìíràn ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986, wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn Solnahallen lẹ́bàá Stockholm. Hetfield ti gbé jìtá rẹ̀ padà, inú gbogbo wọn sì dùn. Lẹ́yìn eré, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n kọrí sí Copenhagen ní Denmark. Afárá tó so Sweden pọ̀ mọ́ Copenhagen lónìí kò tíì sí nígbà náà, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé bọ́ọ̀sì sọdá. Orílẹ̀-èdè ìbí Ulrich ni wọ́n ń lọ, ọmọ onílé ń mú ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ wálé.

Ibùsùn kan wà nínú bọ́ọ̀sì náà tó wu Burton àti Hammett. Káàdì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Burton fa 'ace of spades', ó sì ní ibùsùn Hammett ni òun fẹ́. Hammett gbà, ó kó lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́jọ́ 27, lẹ́bàá Dörarp, bọ́ọ̀sì náà yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dojú dé. Ó ju Burton gba ojú fèrèsé síta, ó sì wó lé e lórí. Ọmọ ọdún 24 ni. Ulrich fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣẹ́, àwọn yòókù fara pa díẹ̀. Awakọ̀ ní omi dídì ló wà lójú títì. Hetfield, nínú òtútù àárọ̀ náà, rin ojú ọ̀nà lọ, ó rìn ín bọ̀, ó ń wá omi dídì ọ̀hún. Ó ní òun kò rí i. Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì pe awakọ̀ lẹ́jọ́.

Yorùbá gbà pé Ògún ló ni irin, òun náà ló sì ni ọ̀nà. Ẹni tó bá ń fi irin jẹun lójú ọ̀nà, kó mọ̀ pé owó ibodè kì í wọ́n níbẹ̀. Èyí tí Metallica san ní Dörarp kò ṣeé gbà padà.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá kí wọ́n padà sílé pátápátá. Wọn kò padà. Jason Newsted gba béèsì, kó sì tó pé oṣù méjì, wọ́n ti tún wà lórí ìtàgé. Ọ̀nà náà san oore fún wọn. Àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1991 ti tà ju mílíọ̀nù 16 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọdún márùn-ún àti ọjọ́ kan lẹ́yìn Dörarp, wọ́n ṣeré ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Tushino ní Moscow níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dẹ́kun àtigba tirẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1992, iná tí wọ́n fi ń dárà lórí ìtàgé ní Montreal jó Hetfield lọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. John Marshall náà ló tún bá a di jìtá mú.

Ọdún 2006 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta Dörarp; ní 2022, ilé ìrántí Burton ṣílẹ̀kùn ní Ljungby. Ray Burton, bàbá olóògbé, tí òun náà kú lọ́dún 2020, ti máa ń fi owó tó ń wọlé lórí orin ọmọ rẹ̀ ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama Castro Valley, níbi tí ọmọ náà ti kàwé.

Àdúrà tí Yorùbá máa ń ṣe fún arìnrìn-àjò ni pé kó lọ ire, kó sì bọ̀ ire. Ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ fún Cliff Burton. Òkúta kan létí igbó páìnì ló dúró fún ìdajì tó kù.