Ilẹ̀kùn Ẹnu Ọ̀nà Wa

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Báyìí ni àwọn baba wa wí, òtítọ́ ni wọ́n sì wí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pẹ́ nínú ilé yóò mọ̀ pé ògiri kọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lanu, bí kò ṣe ilẹ̀kùn. Ògiri dúró sí ojú kan. Ilẹ̀kùn ni a ń ṣí tí a sì ń tì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru. Òun ni òjò ń nà, òun ni oòrùn ń pa, òun ni ọyẹ́ ń gbẹ, òun náà sì ni ó dúró láàrin àwa àti olè. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí àwa kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìtọ́jú rẹ̀.

Ní Ajíbọ̀dé tí àwa ń gbé, nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn, ilé titun ti gba ibi tí ó jẹ́ oko rí. Nínú agbo ilé tiwa, ilẹ̀kùn méjì wà tí káfíńtà kan ṣe láti ara ìtì ìrókò kan náà, tí ó sì gbé kọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà ní abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkejì wà ní ẹ̀yìn ilé, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kò sì sí ohun kan lókè rẹ̀ tí ó bò ó. Ti abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń dán. Ti ẹ̀yìn ilé ti di aláwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè fi ìka họ ọ́ bí iṣu tí ó jẹrà. Ní ọdún tí ó kọjá, olè gba ibẹ̀ wọlé, nítorí ìṣó kò rí igi líle dì mú mọ́. Ó sì kó owó ọjà ìyá àgbà wa lọ. Igi kan náà, káfíńtà kan náà, ọjọ́ kan náà: ibi tí a gbé wọn kọ́ sí nìkan ni ó yàtọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní agbègbè Ìbàdàn, láti ìlà-oòrùn ni òjò oníjì ti oṣù Kẹta àti Kẹrin sábà máa ń ti wá, afẹ́fẹ́ a sì máa gbá omi rẹ̀ lu ohunkóhun tí ó bá kọjú sí i. Omi náà a ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹnu igi tí ayùn gé wà. Igi dàbí ìdì fèrè tín-ín-rín tí a so pọ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í yára mu omi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ a máa fà á gidigidi. Bí ọ̀rinrin bá sì pẹ́ níbẹ̀, ìjẹrà a bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ojú tí àlejò ń wò kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bí kò ṣe ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ wò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn baba wa mọ èyí. Láti orí òrùlé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ilẹ̀kùn: wọn a fa koríko rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn a sì wà ní ẹ̀yìn òpó, nínú òjìji. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Olówè, ọ̀gá agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. A gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ère ara rẹ̀ ṣì yọ kedere, nítorí a kò fi í fún òjò jẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ni a ń fi òrùlé wọn pamọ́ sẹ́yìn ògiri, tí a sì ń gbé ilẹ̀kùn olówó iyebíye kọ́ sí gbangba. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìbòrí sókè ẹnu ọ̀nà náà, kí ó tó na owó kan sórí ọ̀dà.

Lẹ́yìn ìbòrí ni ìkunra kàn. Ní oṣù Kejì, nígbà tí igi ti gbẹ tí òjò kò sì tí ì dé, kí a nu eruku ọyẹ́ kúrò, kí a sì wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá dúró ní kókó-kókó bí ìrì lórí ewé kókò, ara ilẹ̀kùn le. Bí igi bá mu ún, ebi òróró ń pa á. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀, tí àwọn káfíńtà ń pè ní linseed, dára, nítorí a máa gbẹ sínú igi. Epo pupa kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tẹ́ àkísà tí a fi kùn ún sílẹ̀ kí ó gbẹ, nítorí bí a bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Nóà fi ọ̀dà kun ọkọ̀ rẹ̀ ní tinú tòde. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún wa. Ilẹ̀kùn tí a kùn ní ojú kan ṣoṣo yóò tẹ̀, nítorí ojú kan ń mu ọ̀rinrin, èkejì kò mu ún. Kí a sì kun orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ibi gbogbo lọ, bí a tilẹ̀ ní láti tú u kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan kù. Ní ìgbà òjò, igi a wú, ilẹ̀kùn a sì há. Ní ìgbà ọyẹ́, a tún sún kì. Ẹni tí ó bá yára fi ìfági fá a ní oṣù Keje, àlàfo ni yóò bá ní oṣù Kejìlá, àkeekèé yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Kí ó ní sùúrù dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó fá a.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọmọ tí a bí lónìí yóò ti di àgbàlagbà kí ìrókò tí a gbìn lónìí tó tó ohun tí a ń là sí pákó. Ohun tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dàgbà kò yẹ kí ó rà lọ́wọ́ wa ní ọdún díẹ̀, nítorí àìní ìbòrí àti agolo òróró kan. Kí olúkúlùkù kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí òjò kí ó tó dé.