Bàámi Ní Kí N Túmọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í pẹ́ di ògbufọ̀ ìdílé. Bí lẹ́tà bá dé láti báńkì, òun ni wọ́n máa pè. Bí ìwé inú páálí oògùn bá le, òun náà ni. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n nínú ìsinmi tó kọjá, nílé wa ní Ìsẹ́yìn, Bàámi gbé iṣẹ́ kan fún mi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ka físíìsì. Ó ti gboyè àkọ́kọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó sì fẹ́ lọ gba oyè kejì ní apá Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. IMSP ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọdún 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìṣirò àti físíìsì ni wọ́n sì gbájú mọ́ níbẹ̀. Owó ni ìṣòro. Owó tí Bàámi ní nílẹ̀ kò ju owó òwú lọ, èyí tí wọ́n fẹ́ fi hun aṣọ òfì fún àwọn tó máa ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá. Bí owó òwú bá bá Ẹ̀gbọ́n lọ, òfì méjèèjì tó wà lẹ́yìnkùlé wa máa dákẹ́.

Bàámi kò kọ̀. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí àwọn ń ra. "Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bi í," ni wọ́n wí, "Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Ìwọ Àjọkẹ́, ìwọ lo lọ kọ́ èdè. Túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá jẹun àárọ̀ tán."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n kọ àkọlé ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí sínú bébà kan fún mi: "Mirror symmetry and supersymmetric gauge theories." Mo kà á, mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo fọ́ gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ̀ wọ́n pọ̀: "Ìdọ́gba inú dígí àti àwọn tíọ́rì òṣùwọ̀n onídọ̀ọ́gba ńlá." Ẹ̀gbọ́n ní Yorùbá ni lóòótọ́, àmọ́ òun tí òun mọ ohun tó jẹ́ gan-an kò mọ ohun tí mo sọ. Ojú tì mí díẹ̀. Gbogbo wa la ti ka ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. A sì ti kọ́ nípa iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo fẹ́ túmọ̀ ohun tí kò yé mi. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n fi àkọlé sílẹ̀, kó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún mi. A ò sùn títí aago méjì òru.

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ yé mi, nítorí Màámi. Ṣakí ni Màámi ti máa ń ra èlùbọ́ wá tà ní Ìsẹ́yìn. Kóńgò ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú kóńgò ọjà kejì, kò sì sí ìjà níbẹ̀, torí kóńgò kan náà ni gbogbo ará ọjà yẹn ń lò. Ẹni tó ń rìn láti ọjà kan sí èkejì ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìyàtọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jẹ gbèsè. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Níbikíbi láyé, a lè yan òṣùwọ̀n tó wù wá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ní torí ẹ̀ yí padà, bí nǹkan kan bá ṣáà ti wà tó ń ṣírò ìyàtọ̀ láàárín ibì kan àti ibòmíì. Nǹkan yẹn ni àwa ń rí gẹ́gẹ́ bí agbára, irú èyí tó wà nínú iná mànàmáná àti mágnẹ́ẹ̀tì.

"Super" ló fún mi ní wàhálà. Àwọn hóró tó kéré jù láyé pín sí ìdílé méjì. Ìdílé kan ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan, irú bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Àwọn wọ̀nyí kì í bá ara wọn jókòó sórí àga kan náà. Ìdílé kejì ló ń gbé agbára kiri, irú bí hóró ìmọ́lẹ̀, àwọn yẹn sì lè rọ́ gìrìgìrì síbì kan náà. Tíọ́rì náà sọ pé olúkúlùkù nínú ìdílé kan ní ẹnì kejì nínú ìdílé kejì. Mo fẹ́ pè é ní ìbejì. Ẹ̀gbọ́n kọ̀, ó ní inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti ń bí ìbejì. Mo bá pè é ní àfẹ́sọ́nà, ó sì gbà.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Bàámi jókòó sórí pákó òfì, a jókòó sórí ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn. Mo ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé okùn tín-ín-rín tó ń gbọ̀n ni gbogbo hóró wọ̀nyí, àti pé àyè mẹ́fà mìíràn wà tí ojú wa kò rí, tó ká jọ sínú ara wọn. Ìrísí àyè tó ká jọ náà ló ń pinnu irú ayé tí a máa bá pàdé. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìrísí méjì tí kò jọra rárá lè bí ayé kan náà. Òun ni wọ́n ń pè ní dígí.

"Báwo ni ohun tí kò jọra ṣe máa jẹ́ ọ̀kan náà?" ni Bàámi bi mí.

Mo ní kí wọ́n ka 45. Wọ́n ní márùndínláàádọ́ta. Mo ní Òyìnbó á mú ogójì, á fi márùn-ún kún un. Yorùbá mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó tún yọ márùn-ún. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra, iye kan náà ni wọ́n dé.

Bàámi mi orí. "Èmi náà, bí ọnà ojú aṣọ bá díjú, ẹ̀yìn ni mo ti ń ka òwú." Ẹ̀gbọ́n ní ó fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ ojú àti ẹ̀yìn aṣọ kan ṣoṣo nìyẹn, aṣọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni tiwọn. Ó wá sọ ìtàn 1991. Ìrísí kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ ka iye ìlà inú rẹ̀. Àwọn tó tọ́ gbọọrọ jẹ́ 2,875. Àwọn tó tẹ̀ ní ìpele kejì jẹ́ 609,250. Ìpele kẹta le. Philip Candelas àti àwọn mẹ́ta mìíràn gba ẹ̀yìn dígí, wọ́n ní 317,206,375 ni. Àwọn ará Norway méjì, Geir Ellingsrud àti Stein Arild Strømme, fi kọ̀ǹpútà kà á ní tààrà, wọ́n ní 2,682,549,425 ni.

"Ta ló jẹ̀bi?"

"Àwọn ará Norway ni, Bàámi. Àwọn fúnra wọn ló padà yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí wọ́n rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ fáyé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye kan náà ló jáde."

Bàámi kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n fi àwòrán kan hàn wọ́n lórí fóònù. Adinkra ni wọ́n ń pè é. James Gates, onífísíìsì ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àti Michael Faux ló gbé e jáde ní 2005, wọ́n sì mú orúkọ náà látinú àwọn àmì àwọn Akan ní Gánà. Àmì tótòtó funfun dúró fún ìdílé kan, dúdú fún ìkejì, ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi sì so wọ́n pọ̀. Bàámi gbá fóònù mú, wọ́n wò ó pẹ́. "Ìlà aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan," ni wọ́n wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ní òfin rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bàámi wá kọjú sí mi. "Àfẹ́sọ́nà tí o wí, ṣé wọ́n ti rí ọ̀kan?"

Ẹ̀rọ ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti Faransé, òrùka rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Wọ́n rí hóró Higgs níbẹ̀ ní 2012. Wọn ò rí àfẹ́sọ́nà kankan. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ pé gbólóhùn kékeré kan, "wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i", lè gbé ẹ̀gbọ́n mi dé Àjàṣẹ́. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọn ò tíì rí i, Bàámi," ni mo wí. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí i láéláé. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá a dé ti tú ọ̀pọ̀ kókó tí wọn ò rí tú tẹ́lẹ̀."

Mo rò pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàámi dìde, wọ́n fọwọ́ kan òwú tó wà lórí òfì. "Àwọn tó tú aṣọ tí wọ́n ti hun tán," ni wọ́n wí, "tí ẹnì kankan ò sì fipá mú wọn. Èmi náà ti tú aṣọ rí. Ó máa ń dunni." Wọ́n ní òfì kan á dákẹ́, òfì kan á máa ṣiṣẹ́. Ìdajì owó òwú di ti Ẹ̀gbọ́n. Ìdajì tó kù, òun ni kó lọ wá a.

Ó ṣì ń wá a. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń kọ́ Faransé ní òru. Èmi náà ti padà sí kíláàsì, mo ń kọ́ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún físíìsì. "Òṣùwọ̀n" dúró. "Dígí" dúró. "Àfẹ́sọ́nà" ṣì ń kọ mí lóminú, torí àfẹ́sọ́nà máa ń di ìyàwó lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi. Bàámi náà ń bi mí léèrè lórí fóònù bóyá mo ti rí i.