Ike Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Kéwú Mi

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan èmi fúnra mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún un síwájú, torí pé kò buyì fún mi.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà ní ilé-kéwú wa. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà Lárúbáwá méjèèjìdínlọ́gbọ̀n síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò pè wọ́n láìṣì. Ṣùgbọ́n ẹ so mẹ́ta pọ̀, ó parí nìyẹn. Á máa wo wàláà bí ẹni tó ń wo àlejò. Ẹni tó bá kọ́ kéwú mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀: bí lẹ́tà ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ ló ṣe ń rí láàárín tàbí nípẹ̀kun. Mẹ́fà sì wà, álífù, dáálì, sáálì, ráì, sáì àti wáwù, tí wọ́n máa ń di èyí tó ṣáájú wọn mú, àmọ́ tí wọn kì í di èyí tó tẹ̀lé wọn mú láéláé. Mo ti ṣàlàyé eléyìí fún un títí ó fi sú mi. Mo ti fi pàṣán ṣàlàyé rẹ̀ náà, kí Ọlọ́hun forí jì mí.

Lọ́jọ́ kan, ó kó àpò ike kan wá, àwọn ike kéékèèké aláràbarà tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ra tí yóò sì há pinpin, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń kọ́lé tí wọ́n sì fi ń ṣe mọ́tò. Àǹtí rẹ̀ ló kó o wá fún un láti ìlú òyìnbó. Mo ká a mọ́ ibi tó ti ń tò ó lábẹ́ bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn yòókù ń ka súrà. Mo gbà á. "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù." Mi ò dá a lóhùn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, tí òjò ò jẹ́ kí n kúrò, mo da àpò náà sórí tábìlì. Ẹ má bi mí nídìí. Orí ike kọ̀ọ̀kan ní kókó ródóródó, abẹ́ rẹ̀ ṣófo; kókó ti ìsàlẹ̀ ló ń wọ abẹ́ ti òkè tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ọdún 1958 ni iléeṣẹ́ LEGO ní orílẹ̀-èdè Denmark, tí káfíńtà kan dá sílẹ̀, gba ẹ̀tọ́ sí irú bíríkì yìí, èyí tí wọ́n sì ṣe nígbà náà ṣì ń há mọ́ ti òde òní. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kà á pé bíríkì mẹ́fà péré tó jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí kókó mẹ́jọ mẹ́jọ wà lórí wọn, ọ̀nà 915,103,765 ni èèyàn lè gbà tò wọ́n pọ̀. Mo rò ó pé lẹ́tà 28 náà ni gbogbo Al-Kùránì.

Àmọ́ ohun tó gbé mi dìde lórí àga ni àwọn pẹlẹbẹ kan tó wà nínú àpò náà. Abẹ́ wọn dà bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n orí wọn dán bọ̀rọ́. Wọ́n lè di èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn mú; kò sí ohun tó lè há mọ́ wọn látòkè. Mo ní, "Subhaanallaah, álífù rèé!"

Lọ́jọ́ kejì, mo ti kọ lẹ́tà sórí bébà, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lára, méjìlélógún sára àwọn tó ní kókó, mẹ́fà yẹn sára àwọn pẹlẹbẹ. Mo ní kí ọmọ náà kọ kitáábù. Ó fi káfù sílẹ̀, ó tẹ táì lé e, ó tẹ álífù lé e. Ó gbé báì, kò wọlé. Ó tún un tẹ̀. Ó wojú mi, bóyá pàṣán ń bọ̀. Ó wá gbé báì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ààfáà, álífù ò gbà á." Mo ṣí ìwé fún un: mẹ́ta so pọ̀, báì dá dúró. Mo ní kó kọ dáárù, tó túmọ̀ sí ilé. Dáálì, álífù, ráì: pẹlẹbẹ mẹ́ta, kò sí èyí tó di ìkejì rẹ̀ mú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilé yìí ò lè dúró. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí látìgbà tó ti wọ ilé-kéwú wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé eré ò bá kéwú mu, èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú Sunan Abu Dawud pé Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí ẹṣin kan láàárín àwọn ọmọlangidi Àíṣátù, tó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó bi í léèrè bóyá ẹṣin máa ń ní ìyẹ́. Àíṣátù fèsì pé ẹṣin Ànábì Sulaimọ́nù ní ìyẹ́, Ànábì sì rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn. Kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo ra èyí tó ní òòfà létí fún àwọn ọmọ tèmi nílé. Pọ́ọ́kú ni mo rà á. Kò pé oṣù kan tí ọ̀kan fi sán, ìyá wọn ló sì rí àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, tó ń gbé òòfà róbótó méjì lọ sẹ́nu. "Ààfáà! Ẹ wá wo nǹkan tí ẹ rà!" Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Òòfà ẹyọ kan tí ọmọ gbé mì lè bá ìgbẹ́ jáde. Méjì, tàbí ẹyọ kan pẹ̀lú irin, ló burú jù. Bí ọ̀kan bá wà níbì kan nínú ìfun, tí ìkejì wà níbòmíràn, wọ́n á fa ara wọn, wọ́n á fún ẹran ìfun tó wà láàárín wọn pọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní débẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á sì lu. Níbẹ̀rẹ̀, inú rírun lásán ló máa jọ. Ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, ẹ má dúró de ìgbẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan lẹ rò pé ó jẹ́, ta ló kà á? Ẹ dárúkọ òòfà fún dókítà, torí nínú fọ́tò X-ray, méjì tó lẹ̀ mọ́ra lè jọ ẹyọ kan. Èyí tó bá sán nínú ike olóòfà, ẹ kó o dànù lọ́jọ́ náà. Ní ilé-kéwú, èyí tí kò ní òòfà nìkan la ń lò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dá àpò náà padà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ààfáà, lámù-álífù ńkọ́?" Bí méjèèjì bá pàdé, ìrísí wọn máa ń yí padà pátápátá. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ike méjì pọ̀, kò jọ ọ́. Ó ní òun máa lọ rò ó nílé.