Ọkọ̀ Ogun Inú Àpótí

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo máa ń to àwòṣe ọkọ̀ ogun ojú omi. Àwòṣe ni ohun kékeré tí a ṣe kí ó lè jọ ohun ńlá. Ike ni a fi ṣe èyí tí mo ń tò. Àwọn kan ń wí pé eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí àgbà máa fi ohun ìjà ṣeré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀yin fúnra yín sì dá ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Richelieu ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé ni. Ìlú Brest ni wọ́n ti kàn án. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 248. Bí a bá to pápá bọ́ọ̀lù méjì tẹ̀lé ara wọn, ọkọ̀ náà yóò gùn jù wọ́n lọ. Àgbá ńlá 8 ni ó gbé, mẹ́rin mẹ́rin lójú kan, níwájú ọkọ̀ ni gbogbo wọn sì wà. Fífẹ̀ ẹnu àgbá kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 380. Orí àgbàlagbà lè wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà lé ní 1,500.

Ilé iṣẹ́ Heller ní ilẹ̀ Faransé ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìwọ̀n 1 sí 400. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lára àwòṣe dúró fún mítà 4 lára ọkọ̀ gidi. Ẹ mú bíírò, kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ pín 248 sí ọ̀nà 4, ẹ ó rí 62. Sẹ̀ǹtímítà 62 ni gígùn àwòṣe náà. Orí tábìlì gbà á. Ẹnu àgbá ńlá ti di ohun tí kò tó mìlímítà 1. Ẹni tí ó ga ní mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 60 yóò di mìlímítà 4. Kò tó hóró ìrẹsì kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí sọ́kàn.

Báwo ni a ṣe ń tò ó? Bí ẹ bá ṣí àpótí, ẹ ó rí àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ lára ọ̀pá ike, bí èso ti í so mọ́ ẹ̀ka. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìwé ìlànà tún wà níbẹ̀, àwòrán àti nọ́ńbà ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ já ẹ̀yà kankan, kí ó má bàa kán. Abẹ ni kí ẹ fi gé e. Ẹ fi bébà oníyanrìn tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò dán ojú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yà méjì kan ara wọn ná, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bá ara mu, kí ẹ tó fi àtè sí i. Àtè yìí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń lẹ ìwé. Ṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀, bí ó bá sì gbẹ, wọn a di ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ara. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà kàn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní báyìí, kí ni ọkọ̀ náà ṣe láyé? Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń gba ilẹ̀ Faransé, Richelieu kúrò ní Brest, ó sá wá sí Dakar. Nígbà náà, Dakar ni olú ìlú àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣe àkóso wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, wà lára wọn. Ìjọba Faransé tí ó wà ní Vichy bá Jámánì ṣe àdéhùn. Ẹ̀rù ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ̀ náà lè bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Láti ọjọ́ 23 títí dé ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá sí iwájú Dakar, ọ̀gágun de Gaulle sì bá wọn wá. Wọ́n yin àgbá, Richelieu náà yin tirẹ̀. Wọn kò rí ìlú náà gbà. Ṣùgbọ́n sójà kú, àwọn ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà kú. Ìjà onílé kọ́ ni, síbẹ̀ ó dé bá onílé.

Ní ọdún 1943, wọ́n tún ọkọ̀ yìí kan náà ṣe ní New York. Ó wá ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun pọ̀. Ọ̀tá àná di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú ní Dakar kò jí. Ní ọdún 1968, wọ́n tú ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ní La Spezia, ní ilẹ̀ Ítálì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ àpótí ọkọ̀ ogun kì í ní ènìyàn nínú. Àgbá wà níbẹ̀, ìdákọ̀ró wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn. Bí a bá tò ó tán, ó mọ́, ó lẹ́wà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ogun tí kò ní ènìyàn nínú a máa dùn ún wò. Nítorí náà, ẹ ka hóró ìrẹsì 1,500 sórí àwo. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan ni hóró kọ̀ọ̀kan dúró fún, a kò sì tíì ka àwọn tí ó wà létí òkun, níwájú àgbá.

Ìdáhùn mi nìyí fún àwọn tí ń bi mí. Ère ìbejì kéré, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó jẹ́ pè é ní ohun ìṣeré nílé wa. Kí a má bàa gbàgbé ẹni tí ó lọ ni a ṣe gbẹ́ ẹ. Bí àwòṣe ọkọ̀ ogun bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ ka ìwé rẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ tò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: ta ni ó wà nínú rẹ̀? Ta ni ó sì wà níwájú àgbá rẹ̀?