Ohun Tí Ń Dán àti Ohun Tí Ń Gbani

Àwọn àgbà a máa wí pé, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Òwe yìí ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ń kọ ọ́ sára pátákó, mo sì ń ní kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó yẹ kí èmi fúnra mi fi í ṣe ìwà hù, mo gbàgbé rẹ̀. Òǹkàwé mi, fi ara balẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, kí o lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2019 ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí owó àjẹmọ́nú mi jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo pinnu láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí, tí ó ti di mẹkáníìkì, pé kí ó bá mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ méjì ni a rí tí owó wọn ṣe déédéé, tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí a sì ṣe ní ọdún kan náà. Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ra èkíní ní titun ti san owó lé e fún ìjókòó aláwọ, fún fèrèsé orí òrùlé tí a lè ṣí kí a máa wo ojú ọ̀run, àti fún wíìlì ńláńlá tí ń kọ mànà. Ẹni tí ó ra èkejì kò wá ẹ̀ṣọ́ kankan. Aṣọ lásán ni ó bo ìjókòó rẹ̀, àwọ̀ eérú sì ni ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni náà san owó lé ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pa, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ABS.

Ọmọ náà yẹ ọkọ̀ méjèèjì wò, ó sì wí fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú eléérú yìí. Bíréèkì rẹ̀ dára. Ti ibí yìí, iná àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tàn rárá nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́.”

Mo fi ojú kéré wò ó. Mo ní, “Ìwọ tí ìṣirò kò yé ní kíláàsì mi, ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi bí a ti ń náwó?” Ó dákẹ́, ó sì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ: mo fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rí mi. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń wí pé tíṣà kì í lówó mọ̀ pé èmi náà ti rí ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ra èyí tí ń dán.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, èmi àti ìyàwó mi ń ti Òṣogbo bọ̀ wá sí Ìwó. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà sì ń yọ̀. Bí a ti yọ ní kọ́nà kan, ọmọdébìnrin kan tí ó gbé agbọ̀n àgbàdo sísè lérí sáré bọ́ sójú títì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ lórí omi. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá, àyè tí ó wà láàárín wọn kò tó ìṣísẹ̀ kan, ó sì lọ forí sọ òkìtì ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Àpò afẹ́fẹ́ kankan kò jáde. Eyín mi méjì ká, egungun èjìká ìyàwó mi sì ṣẹ́. Bẹ́líìtì tí a dè mọ́ra ni Ọlọ́run fi yọ wá.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàdo rẹ̀ fọ́n ká, ó ń sunkún pé ìyá òun yóò na òun. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé kíkà. Díẹ̀ ni ó kù kí n fi owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ náà pa ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ojú sítíárìn, ihò òfìfo ni ó bá níbẹ̀. Wọ́n ti yọ àpò afẹ́fẹ́ kúrò, wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Ọmọ náà kò wí pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ewu.” Ìkíni náà dùn mí ju ìbáwí lọ.

Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ tí ìwọ yóò ra ọkọ̀ àlòkù, pín àwọn àfikún inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni èyí tí ń dáàbò bo ẹ̀mí. Bí bíréèkì bá fẹ́ dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pa, ABS a máa tú u, a sì tún máa mú un, nígbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọkọ̀ lè máa gbọ́ràn sí sítíárìn lẹ́nu. Ní ti àpò afẹ́fẹ́, láti orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọdún 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan níwájú awakọ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í. Bí o bá rí ọkọ̀ ibẹ̀ tí kò ní in, ẹnì kan ni ó yọ ọ́. Yí kọ́kọ́rọ́, kí o sì máa wo iná rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tàn fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì kú. Iná tí ó kọ̀ tí kò kú ń kìlọ̀. Èyí tí kò tàn rárá ń purọ́.

Èkejì ni èyí tí ń ran ara àti iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù wúlò nínú ooru wa, ó sì ń nu ìkùukùu kúrò lójú gíláàsì nígbà òjò. Kámẹ́rà ẹ̀yìn lè fi ọmọ kékeré tí a kò rí hàn wá. Irin orí òrùlé yẹ ẹni tí ń kó ẹrù oko.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ṣọ́ lásán. Fèrèsé orí òrùlé ní àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà ṣàn jáde. Bí eruku àti ewé bá dí wọn, inú ọkọ̀ ni òjò yóò máa rọ̀ sí. Wíìlì ńlá pẹ̀lú táyà tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ tẹ̀ nínú kòtò. Ìjókòó tí a fi iná mú gbóná dára ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́. Kí ni a fẹ́ fi ṣe ní Ìwó?

Lórí àfikún kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì: Bí kò bá sí, kí ni n ó pàdánù? Bí ó bá bàjẹ́, èló ni n ó fi tún un ṣe?

Rántí bẹ́líìtì náà. Ní ọdún 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden, ṣe irú èyí tí ń gba èjìká àti itan kọjá, ilé-iṣẹ́ Volvo sì yọ̀ǹda kí gbogbo ayé lò ó láìgba owó. Kò sí ẹni tí ń fi bẹ́líìtì yangàn lójú ọ̀nà, síbẹ̀ òun ni ó gba èmi àti ìyàwó mi là.

Ní ọdún 2022 mo tún ra ọkọ̀ mìíràn. Mo jókòó sábẹ́ igi, ọmọ tí ìṣirò kò yé ni ó sì yàn án fún mi. Aṣọ lásán ni ó bo ìjókòó rẹ̀. Òǹkàwé mi, ìwọ náà yóò yan ọ̀rẹ́, yóò yan iṣẹ́, yóò sì yan ẹni tí yóò bá gbé ilé. Nígbà tí ohun tí ń dán bá ń pe ojú rẹ, wo ohun tí yóò gbà ọ́ ní ọjọ́ òjò. Bí ẹni tí o ti fojú kéré bá sì ń sọ òtítọ́ fún ọ, fetí sí i.